Ebè Mẹ́rìnlá Tí Fada Kò Bùkún

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje ọdún 2023. Nínú ogójì ebè ẹ̀wà sóyà tí Blandine gbìn, ebè mẹ́tàdínlógójì ti kú.

Àbúrò ìyá mi ni Blandine. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Ó ń gbé ní abúlé kan lẹ́yìn Akparé ní orílẹ̀-èdè Togo, òun ló sì ń gbálẹ̀ ilé ìjọsìn Kátólíkì ibẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ní kó ṣe é. Modeste ọkọ rẹ̀ kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ilẹ̀ ẹbí ni oko tó fi sílẹ̀ fún un. Òfin ẹbí náà kò gùn: bí oko bá kọ̀ tí kò so fún ẹnì kan lọ́dún méjì léra, ilẹ̀ ti kọ ẹni náà nìyẹn, wọn yóò sì gbé oko fún ẹlòmíràn. Ọdún kan ti lọ. Ó ku ẹyọ kan.

Maurice, ẹ̀gbọ́n Modeste, ni olórí ẹbí. Òun náà ló pa ẹ̀wà náà. Mo kọ ọ́ síbí kí ó má baà rú ẹnikẹ́ni lójú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ó gbé ẹ̀rọ ìfọ́noògùn kọ́ ẹ̀yìn, ó ní òun ń lọ ran opó àbúrò òun lọ́wọ́, ó sì fọ́n oògùn apakoríko sí oko náà kí obìnrin náà má baà fi ọkọ́ ro ó. Oògùn oko àgbàdo ni. Àgbàdo kì í kà á sí. Ẹ̀wà sóyà tí wọ́n bá gbìn tẹ̀ lé e ni etí ewé rẹ̀ máa ń pọ́n, tí yóò sì jóná wọ inú. Agolo tòmátì ni Maurice fi ń wọn oògùn. Bí a bá ṣírò ohun tí wọ́n kọ sára ike, agolo méjì ló yẹ oko náà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Blandine lọ bá a nílé.

“Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ èṣí. Lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi ro ó.”

“Ìyàwó, ẹ̀yìn rẹ kì í ṣe irin.”

“Kì í ṣe irin lóòótọ́, ṣùgbọ́n tèmi ni.”

“Lọ sinmi. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé Modeste kú, mo fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ nínú koríko.”

Ó fọ́n ọn ní ọjọ́ tí Blandine lọ ta iṣu létí títì ní Glei. Nígbà tó dé, gbogbo oko ti ń rùn.

Mo ti lo ọdún márùn-ún ní Lomé lórí ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀. Iṣẹ́ kò sí. Ohun tí mo rí mú bọ̀ wálé ni àpò ìyẹ̀fun dúdú kan láti yàrá ìwádìí olùkọ́ mi. Ó dà bí èédú tí wọ́n lọ̀. Mo gbé e fún Blandine ní oṣù kẹfà.

“Kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Kòkòrò ni, Tàntí. Kòkòrò inú ilẹ̀. Ojú lásán kò lè rí wọn.”

“Ẹ̀wà mi kú tán, ọmọ mi lọ sí yunifásítì, ó gbé kòkòrò bọ̀.”

“Àwọn yìí kì í jẹ ẹ̀wà. Ara gbòǹgbò ni wọ́n ń gbé.”

“Ṣé wọ́n lè jẹ oògùn ọkọ mi?”

“Àwọn kan nínú wọn lè jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó bá kù, wọn á ran gbòǹgbò lọ́wọ́ kó lè fara dà á.”

“Àwọn kan. Díẹ̀. Bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Lomé nìyẹn.”

Mo sọ bó ṣe máa ṣe é. Kó fi omi ṣúgà rin irúgbìn, kó da ìyẹ̀fun lé e, kó rò ó pọ̀ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dúdú. Abẹ́ òjìji ni kó ti ṣe é, kó sì gbìn ín lọ́jọ́ kan náà, torí ohun alààyè ni wọ́n, oòrùn sì máa ń pa wọ́n. Ó tún un sọ fún mi láìṣe àṣìṣe kankan.

Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé kó má gbé e lọ sí ilé ìjọsìn. Ó yẹ kí n mọ̀. Ní abúlé yẹn, wọn kì í gbin ohunkóhun kí Fada tó bùkún irúgbìn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni Fada sì ń wá. Orí ẹní ní àgbàlá ni wọ́n ń da irúgbìn sí, kí omi mímọ́ lè kan hóró kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í fi nǹkan kan bò ó. Ẹni tó bá bo irúgbìn tirẹ̀, wọ́n á ní ó ń fi nǹkan pa mọ́ fún Ọlọ́run.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹfà, Blandine po irúgbìn rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun lábẹ́ òjìji, bí mo ṣe wí. Lẹ́yìn náà ó rù ú lọ sí àgbàlá. Alùpùpù Fada bàjẹ́ lọ́nà. Irúgbìn náà wà nínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ráyè lórí ẹní, nítorí Antoinette, ìyàwó Maurice, ti da àgbàdo tirẹ̀ gba ìdá kan nínú mẹ́ta ẹní náà. Èyí tí kò ráyè, Blandine gbé e padà sínú ìkòkò nílé.

Nírọ̀lẹ́, ó gbin èyí tí Fada bùkún sí ebè mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n níwájú oko. Ojú ń tì í láti da ìyókù nù. Ó gbìn ín sí ebè mẹ́rìnlá lẹ́yìn, níbi tí àwọn ènìyàn kì í dé.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ, ẹbí wá wo oko. Ènìyàn mẹ́wàá ni wọ́n, wọ́n sì mú Katikísì Laurent, olùkọ́ ìjọ, dání láti ṣe ẹlẹ́rìí. Ebè mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n iwájú ti pọ́n, ọ̀pọ̀ ti kú. Mẹ́rìnlá ẹ̀yìn dúdú mìnìjọ̀, ó dé orúnkún.

“Ilẹ̀ ti sọ̀rọ̀,” ni Maurice wí.

Laurent rìn dé ẹ̀yìn. “Ó ku ibì kan tó dára. Ẹ wò ó. Ibí yìí ni ìbùkún ti mú.”

Bí Blandine bá dákẹ́, katikísì yóò gbèjà rẹ̀. Kò dákẹ́.

“Katikísì, ibí yẹn gan-an ni Fada kò bùkún.”

Blandine tu igi ẹ̀wà kan níwájú, ó tu òmíràn lẹ́yìn, ó sì na méjèèjì sí wọn. Gbòǹgbò ti iwájú gbẹ bí okùn. Kókó kéékèèké kún ara ti ẹ̀yìn. Ó fi èékánná la ọ̀kan, inú rẹ̀ pupa bí ẹran.

“Ohun tó ń gbé inú kókó yìí ló jẹ́ kó fara da oògùn. Oòrùn àgbàlá ló pa ti iwájú. Kì í ṣe omi Fada.”

Laurent ronú sí i. “Ìyẹn ni pé abẹ́ máńgòrò ló yẹ ká ti máa bùkún.”

“Àgbàdo Antoinette wà nínú oòrùn kan náà,” ni Maurice wí. “Àgbàdo rẹ̀ hù.”

“Àgbàdo kò bẹ̀rù oògùn yín, ọkọ mi. Agolo mélòó lẹ dà síbí?”

“Mẹ́jọ. Èmi kì í ṣe ahun.”

“Méjì ni wọ́n kọ sára ike.”

“Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ koríko ilé wa.”

Maurice sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí. Kò sí ẹni tó béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo la ẹnu, wọ́n ní ọmọ tí kò tíì ní ilé tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ nílẹ̀ ẹbí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìbò. Ebè mẹ́rìnlá tó so jẹ́ ti Blandine, nítorí ilẹ̀ kò kọ̀ ọ́ níbẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó kú di ti Maurice. Ọwọ́ mẹ́sàn-án ló gòkè. Antoinette kò gbé tirẹ̀ sókè; ó ní apá ń dun òun.

Blandine kórè ebè mẹ́rìnlá náà ní oṣù kọkànlá. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Maurice gbin àgbàdo sí iwájú, ó fọ́n agolo mẹ́jọ sí i, àgbàdo náà sì dára. Àwọn ará ilé ń tọ́ka sí i fún àlejò pé ẹ wò ó, ilẹ̀ mọ ẹni tó ni ín.

Ìwọ tó ń ka èyí náà ní ẹbí, ẹbí rẹ sì ní ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá pè ọ́ láti wá gba oko lọ́wọ́ opó kan, má gbé ọwọ́ sókè. Kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n dà sínú ilẹ̀ náà, bó ṣe pọ̀ tó, àti orúkọ ẹni tó dà á. Bí ẹni náà bá dáhùn bí Maurice ṣe dáhùn, má jẹ́ kí wọ́n dìbò.