Orúkọ Tí Mo Fi Gún Iyán ní Isikan

Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ iyán gígún ní ilé oúnjẹ Ìyá Dúpẹ́ ní Isikan, ìdí odó kẹta ni apá mi ti kọ̀ fún mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé Èkìtì kúrò lára ìpínlẹ̀ wa nígbà náà. Mo ti fi Oǹdó sílẹ̀, mo ti fọ́nnu fún gbogbo ilé pé mo ríṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Ìyá Dúpẹ́ bá mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ọmọ Oǹdó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fún ọ. Tó o bá ṣì ń jókòó ti odó bí àlejò, wàá padà sílé."

Èèyàn méjì ló ń gún odó kan. Bí ọmọ odó tèmi bá balẹ̀, tẹnì kejì á gbéra. Ẹnì kejì mi ni Fọlọ́runṣọ́, ará Ilu-Abo, tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ilá. Èmi ń gún iyán bí ẹni tó ń bá iṣu jà. Mo tún ń jẹ ẹ̀bà ńlá kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí n lè lágbára. Èébì ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

"Kí ni iṣu ṣe fún ọ?" Fọlọ́runṣọ́ bi mí. "Máa dárúkọ àwọn ará ilé yín bó o ṣe ń gún un."

"Bọ̀dá, mi ò lè sọ̀rọ̀."

"Eré lò ń sá nìyẹn. Rọra. Bí èémí bá gba orúkọ, apá á gba odó."

Mo pe Adébọ́lá, mo pe Ìdòwú, mo pe Mọrẹ́nikẹ́. Lórí ẹ̀kẹrin, èémí tán. Fọlọ́runṣọ́ ní ilé wa mà kéré o.

Nọ́ọ̀sì Adéọlá, oníbàárà wa, ló là á yé mi. Ó ní tí a bá ń fi ipá ṣiṣẹ́, èémí kì í tó iṣan lò. Ìwọ̀nba agbára tó wà nílẹ̀ ni iṣan á lò, kì í pẹ́ tán, apá á sì máa ta bí ata. Ṣùgbọ́n tí a bá ń ṣe é níwọ̀nba lójoojúmọ́, ọkàn á kọ́ bí a ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, iṣan á kọ́ bí a ṣe ń lo èémí, á sì máa fi ọ̀rá ara dáná díẹ̀díẹ̀.

"Ewé gbígbẹ ni ìwọ fi ń dáná," ó ní. "Ìtì igi ni Fọlọ́runṣọ́ fi ń dá a."

Lọ́sẹ̀ kejì, mo ka ilé wa tán. Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ kẹta pé, mo ti ka gbogbo oníbàárà, odó kò tíì tán, ni mo bá pe Ọláwùnmí, orúkọ àbísọ Ìyá Dúpẹ́ gan-an.

"Ta ló sọ orúkọ mi fún ọmọ yìí?" ó ké láti ìdí ààrò. "Ẹ gbé iṣu mìíràn fún un."

Bí mo ṣe mọ̀ pé mi ò ní padà sí Oǹdó mọ́ nìyẹn. Lọ́dún kejì, Fọlọ́runṣọ́ ní òun fẹ́ kí orúkọ òun náà wọ ilé wa.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí wa, mo sinmi fún oṣù mẹ́ta. Mo padà sídìí odó, èémí tún já lórí orúkọ kẹrin. Fọlọ́runṣọ́ fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ara a máa gbàgbé, ṣùgbọ́n tí a bá tún pè é, á jẹ́.

Ọyẹ́ tó kọjá ni Fọlọ́runṣọ́ kú. Orí òkè ni itẹ́ òkú ìjọ wa wà, orúnkún mi kò sì fẹ́ràn òkè. Síbẹ̀ mò ń lọ lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Mo máa ń ka orúkọ bí mo ṣe ń gùn ún: àwọn ará ilé wa, Nọ́ọ̀sì Adéọlá, Ìyá Dúpẹ́. Bí èémí bá fẹ́ já, mo rọra. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ibojì, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló kù. Èémí sì kù tí mo fi pè é.