Bwembya Bú Olùdánwò, Ó Rò Pé Òun Ti Gba Láísẹ́ǹsì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ ti Bwembya, bíríkìlà ìlú Kitwe! Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ, òun ló pàdánù.

Irùngbọ̀n Bwembya kò tíì hù tó ti ń mọlé. Ilé tó bá mọ kì í wó o. Ó kàn máa ń fara ti ilé kejì bí ọ̀mùtí tó rí ọ̀rẹ́. Bí onílé bá ráhùn, á ní, "Ẹ̀yin ni kí ẹ dúró dáadáa, ẹ ó rí i pé ògiri tọ́." Bó ṣe ń jẹun nìyẹn, títí káńsù fi kéde pé ẹni tí kò bá ní láísẹ́ǹsì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bíríkì mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣèlérí iṣẹ́ ilé olùkọ́ àgbà fún un. Bí kò bá yege nínú ìdánwò láísẹ́ǹsì, iṣẹ́ lọ nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kasuba, ní kó fi ògiri kékeré dánra wò lẹ́yìnkùlé. Àmọ́ Bwembya ti gbọ́ pé Ba Jere, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Jere, ni olùdánwò.

"Ngoni ni!" ló pariwo. "Èmi ọmọ Bemba, kí Ngoni gbé òdo fún mi? Ẹrú mi mà ni!"

Ogun tí àwọn baba ńlá ẹ̀yà méjèèjì bá ara wọn jà ti di ẹ̀fẹ̀. Kódà níbi òkú, wọ́n á bú ara wọn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bínú. Ni Bwembya bá pa bíríkì tì, ó ń fi èébú dánra wò.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ní kí kálukú mọ igun ògiri kan.

"Jere ajèkúté!" Bwembya ké. "Ta ló gbé ìwé lé ọ lọ́wọ́? Ṣé o ò ní fi yan eku?"

"Ajọ̀bọ," ni Ba Jere dá a lóhùn. "Sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, kí o wá po sìmẹ́ǹtì."

Ẹ̀rín ta! Bwembya to bíríkì kan, ó yíjú, ó bú èébú kan. Ó to òmíràn, ó tún bú òmíràn. Nígbà tó parí, ògiri ti tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

Ba Jere ta okùn olójé tí wọ́n fi ń wo bí ògiri ṣe tọ́ sí sí i. "O kùnà," ló wí.

Bwembya dì mọ́ ọn. "Ha! Èyí dùn ju tèmi lọ!"

"Mo ní o kùnà."

"Mo gbọ́, ẹrú mi! O ṣeun!"

Ó délé, ó ní òun ti yege.

"Kí ni Ba Jere sọ gan-an?" Ìyá Kasuba bi í.

"Ó ní mo kùnà. Ṣé o rí i bó ṣe fẹ́ràn mi tó?"

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bwembya ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé olùkọ́ àgbà nígbà tí Ba Jere kó àwọn ará káńsù dé. Bwembya la ẹnu láti bú u. Ba Jere yọ awò ojú rẹ̀.

"Bwembya, tó bá jẹ́ ti èébú, gbogbo máàkì ni mo fún ọ. Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè sùn sábẹ́ èébú."

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Bwembya. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, ọmọ Ngoni pátápátá!

Bwembya ti di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Ba Jere báyìí. Á mọ ògiri, á wó o, á tún un mọ. Ọ̀gá rẹ̀ á máa bú u láti ẹ̀gbẹ́, kò ní fèsì, àfi tí okùn bá fi hàn pé ògiri tọ́. Ẹ má gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni o. Ẹ yà síbẹ̀, kí ẹ lọ wo Bwembya tó panu mọ́.