Ọ̀sẹ̀ Méje Tí Mọ́nsúrátù Fi Jáwọ́ Nínú Sìgá

Ní àdúgbò Bajulaiye, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í dákẹ́ tí iná bá ti wà, obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Níní. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Mọ́nsúrátù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ká bébà tí wọ́n ti tẹ̀, kí ó tò ó ní ojú ìwé tẹ̀lé ojú ìwé, kí ó sì kó o lọ fún àwọn tó ń di ìwé. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé bí ẹ bá dúró tì í, ẹ ò ní mọ ìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún gbé ewé kan tí ọwọ́ òsì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kì í ṣe aláriwo. Ó ń kírun lákòókò, bí ìjà bá sì ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́, òun ni wọ́n máa ń pè kó wá bá wọn parí rẹ̀.

Ká ní ẹnì kan sọ fún ará Bajulaiye pé Ìyá Níní ń mu sìgá, wọn ì bá ní onítọ̀hún ń parọ́ mọ́ ọn ni. Ṣùgbọ́n ó ń mu ún. Ó ti ń mu ún kí ó tó lọ́kọ.

Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé bàbá náà fẹ́ kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Àkànó ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rọ ńlá kan ló ń dúró tì ní ilé ìtẹ̀wé, yíǹkì a sì máa bo ọwọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí sìgá bá ń wù ú, kò ní lè fi ọwọ́ yẹn mú un. Á ké sí ọmọ rẹ̀ tó ti ilé ìwé dé: "Mọ́nsúrá, bá mi tanná sí i." Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Á fi sìgá sẹ́nu ara rẹ̀, á ṣáná sí i, á fà á lẹ́ẹ̀kan kí iná lè ràn, kí ó tó wá fi sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu. Lákọ̀ọ́kọ́, ikọ́ ló máa ń gbé e. Nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí fífà ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló ṣe ń sáré kúrò nílé ìwé. Bàbá kú, wọ́n sin ín, kò sí ẹni tó máa tanná fún mọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tanná fún ara rẹ̀.

Ó mọ bí a ṣe ń fi í pa mọ́. Kì í rà á ní Bajulaiye. Á rìn dé Obanikoro, níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, á ra ẹyọ méjì lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò létí títì. Ó ní hìjáàbù dúdú kan tó jẹ́ ti sìgá nìkan, inú ọ̀rá ló máa ń ká a sí. Bó bá mu ún tán, á fi èèpo ọsàn ra ọwọ́, á fi omi yọ ẹnu, á sì ju súwíìtì sẹ́nu. Ọkọ rẹ̀, Ọdẹ́túnjí, mọ̀. Kò bá a jà rárá, kò sì dárúkọ sìgá títí ó fi kú. Ó kàn máa ń dìde lọ ṣí fèrèsé ni. Fèrèsé yẹn dun Mọ́nsúrátù ju kí ó nà án lọ.

Ẹnì kejì tó mọ̀ ni Raphael, tó ń gé bébà ní ilé ìtẹ̀wé kan náà. Òun náà ń mu sìgá, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni, kò sí ìdí tí yóò fi máa bojú wẹ̀yìn kí ó tó ṣáná. Ẹ̀yìn yàrá tí wọ́n ń kó bébà sí ni wọ́n ti máa ń pàdé, tí wọn ò ní sọ ju gbólóhùn méjì mẹ́ta lọ.

Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, àtẹ̀gùn ilé ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í nira fún un. Á gun mẹ́fà, á dúró. Á gun mẹ́rin, á tún dúró, á ṣe bí ẹni ń tún ẹrù ọwọ́ rẹ̀ tò. Níní, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní Ladi-Lak, gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lórí fóònù, ó sì fi agídí mú un lọ sí ọsibítù. Oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú Níní nígbà yẹn.

Dókítà tó rí wọn kéré lọ́jọ́ orí, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní kí Mọ́nsúrátù fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wo ìwé tí ẹ̀rọ náà pọ̀ jáde.

"Màámi, ṣé ẹ ń mu sìgá?"

"Rárá o."

"Ṣé igi lẹ fi ń dáná?"

"Gáàsì ni mò ń lò."

"Ta ló wá ń mu sìgá nínú ilé yín?"

Mọ́nsúrátù wo ilẹ̀. "Ọkọ mi ni. Ó ti di olóògbé."

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Níní jókòó sí. Dókítà ṣàlàyé pé ẹ̀dọ̀fóró ti bàjẹ́, pé ibi tó ti bàjẹ́ kò ní padà sípò mọ́, àmọ́ bí èéfín ò bá wọ̀ ọ́ mọ́, èyí tó kù lè gbé e fún ọdún púpọ̀. Ó kọ oògùn kan tí wọ́n ń fín sẹ́nu fún un. Ìta ni wọ́n dé kí Níní tó lanu.

"Bàbá mi ò mu sìgá rí láyé wọn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ parọ́ mọ́ òkú."

Níní gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. "Láti kékeré ni mo ti ń gbóòórùn rẹ̀ lára yín. Òórùn yíǹkì ni mo pè é. Mo máa ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé òórùn iṣẹ́ màmá mi nìyẹn." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ máa bá mi wẹ ọmọ yìí. Mi ò fẹ́ ẹlòmíì. Àmọ́ ẹ ò ní fi ọwọ́ tó ń rùn sìgá gbé e."

Ọjọ́ kejì, Mọ́nsúrátù ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Raphael, ó ní òun fẹ́ fi sìgá sílẹ̀. Raphael tẹ sìgá ọwọ́ rẹ̀ pa.

"Èmi náà á fi í sílẹ̀. Ikọ́ tèmi náà ti kọjá eré. Bí òǹgbẹ rẹ̀ bá ti dé sí ẹ, pè mí. Bó bá dé sí èmi náà, màá pè ẹ́."

"Ṣé òótọ́ lẹ ń sọ, Bùọ̀dá Raphael?"

"Òótọ́ ni."

Ebi kì í ṣe bí òǹgbẹ sìgá. Ebi a máa ní sùúrù. Èyí á bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọ̀fun, á sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, á wá dúró sí ìka méjì tó fi ń mú sìgá, ìka náà á sì máa wá nǹkan tí yóò dì mú. Ó fún ìka náà ní pẹ́ńsùlù, kò gbà. Ó jẹ orógbó títí ahọ́n rẹ̀ fi kú. Ó mu omi dídì. Bó bá ti jẹun tán ló máa ń burú jù, nítorí náà kò jẹun dáadáa mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó to ojú ìwé kẹrìndínlógún ṣáájú ìkẹsàn-án nínú odidi ẹrù kan, òun tí kò ṣì í tò rí, ó sì jágbe mọ́ ẹni tó fi hàn án. Ó lọ tọrọ àforíjì, ó ń sunkún bó ṣe ń tọrọ ọ́, onítọ̀hún rò pé ẹnì kan ló kú nílé rẹ̀.

Ohun tó ń yà á lẹ́nu ni ti ààwẹ̀. Lóṣù ààwẹ̀, láti sààrì di ìṣínu, kì í yọ ọ́ lẹ́nu tó báyìí. Ó wá yé e pé ìrọ̀lẹ́ tó ń bọ̀ ló máa ń gbé òun ró. Èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀ báyìí kò ní ìṣínu.

Bó bá le, á pe Raphael. Raphael kì í bá a sọ̀rọ̀ ìtùnú.

"Bébà wo ló wà níwájú ẹ?"

"Ti ìwé ìṣirò."

"Kà á. Ka igba ewé. Bó bá ṣì ń wù ẹ́ lẹ́yìn igba, tún pè mí."

Á bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Títí dé bí ogóje, á dà bíi pé wọ́n di okùn mọ́ ọn láyà. Lẹ́yìn náà, okùn á dẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, á ka igba lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣùgbọ́n ó ń kọjá. Raphael náà máa ń pè é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á ní ó ti dé sí òun, òun ń kà. Ọ̀sẹ̀ kan di méjì, ó di mẹ́rin. Ó ju hìjáàbù dúdú yẹn nù. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Níní bímọ obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Wúràolúwa.

Mọ́nsúrátù kó lọ sí Ladi-Lak. Láràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, á na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí abọ́ omi, á tẹ́ ọmọ lé e, á fi kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́, á fi òrí ra á, á nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀. Kí Níní tó gbé ọmọ fún un, á kọ́kọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, á gbé e sún mọ́ ojú bí ẹni ń kí i. Àwọn méjèèjì mọ ohun tó ń wá. Mọ́nsúrátù kì í bínú. Inú rẹ̀ tiẹ̀ ń dùn pé kò rí i.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ keje, ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ránṣẹ́ pè é pé iṣẹ́ kan há àwọn lọ́wọ́, kí ó jọ̀ọ́ wá fún ọjọ́ kan péré. Ó lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó dé sí i, irú èyí tí kò tíì rí láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ka igba, kò lọ. Ó pe Raphael. Fóònù ń dún létí rẹ̀, ó sì tún ń gbọ́ ọ tó ń dún lẹ́yìn yàrá bébà. Ó rò pé bóyá òǹgbẹ ti dé sí òun náà ni, ó bá tẹ̀ lé ìró rẹ̀.

Raphael kọ̀yìn sí i. Ó ń fi bàtà tẹ sìgá pa, èéfín ṣì ń jáde nímú rẹ̀, ó gbé fóònù sétí. "Mọ́nsúrá," ó wí, "bébà wo ló wà níwájú ẹ?" Ohùn náà ti inú fóònù wá, ó sì tún ti ẹnu rẹ̀ wá.

Mọ́nsúrátù gbé fóònù kúrò létí. Raphael yíjú padà.

"Ìgbà wo lẹ tún bẹ̀rẹ̀?" Mọ́nsúrátù bi í.

"Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo lè ṣe."

"Gbogbo ìgbà tí mò ń pè yín ńkọ́?"

"Bó o bá pè, màá kọ́kọ́ pa á. Lójú tèmi, kò dáa kí n máa fà á tí mo bá ń bá ẹ sọ̀rọ̀." Ó wo ilẹ̀. "Mo ní ó kéré tán, kí ẹnì kan bọ́ nínú àwa méjèèjì."

"Àti ìgbà tí ẹ̀yin ń pè mí?"

"Kó má bàa dà bíi pé ìwọ nìkan ni."

Kò bínú sí i. Títí dòní, bí ẹ bá bi í, á ní Raphael kò ṣe òun ní ibi. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti já nínú rẹ̀. Ó ti rò pé àwọn méjì ni àwọn jọ ń rin ọ̀nà yẹn, àṣé òun nìkan ni, òun ò sì gbà pé ẹnì kan ṣoṣo lè rìn ín dópin. Ó mú báàgì rẹ̀. Raphael ń pè é, kò wẹ̀yìn. Ó rìn dé Obanikoro, ó ń dúró láti mí lójú ọ̀nà, ó ra ẹyọ kan. Fífà àkọ́kọ́ korò, ojú rẹ̀ sì ṣú. Èkejì kò korò.

Nígbà tó padà dé Ladi-Lak ní ìrọ̀lẹ́, ó ti fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Omi ọmọ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Níní di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó sì dì í mú pẹ́ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ.

"Ẹyọ kan ni," Mọ́nsúrátù wí.

Níní kò pariwo. Ó tẹ́ ọmọ padà sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ lọ sinmi nílé, Màámi. Ìyá Olúmúyìwá á máa wá wẹ̀ ẹ́." Olúmúyìwá ni ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ sì dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì lóòótọ́, pẹ̀lú kànìnkànìn tirẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Mọ́nsúrátù tún ti gbìyànjú. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn jẹ́ ọjọ́ mọ́kànlá. Kì í gun àtẹ̀gùn mọ́, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kó iṣẹ́ wá bá a, díẹ̀ ló sì ń rí ṣe nínú rẹ̀. Raphael ṣì ń gé bébà. Wọ́n ń kí ara wọn. Wúràolúwa ti ń rìn. Níní máa ń gbé e wá lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn á sì wà ní ṣíṣí. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n, á fẹ́ sáré lọ bá a, Níní á rọra di í láṣọ mú.

Lóṣù tó kọjá, Níní sọ fún un pé dókítà ní kí ó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mọ́nsúrátù ní òun á lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé, ó wọṣọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀. Ọ̀nà Obanikoro ló yà sí. Ní ìrọ̀lẹ́, Níní pè.

"Ṣé ẹ lọ?"

"Mo lọ."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kí n máa lo oògùn mi."

Níní ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń mí lórí fóònù.

"Ó dáa, Màámi," ó wí, ó sì ní òun fẹ́ lọ fún ọmọ lóúnjẹ.