Owó Tó Sùn ní Bajulaiye

Ẹni tó bá fẹ́ bá Gbémisọ́lá jiyàn, kó yáa jẹun kánú kó tó wá. Atẹ̀wé ni ní òpópónà Bajulaiye ní Ṣómólú, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn. Lọ́dún kejì tí ìjọba alágbádá padà dé, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ti sùn fọnfọn nínú àpò ẹgbẹ́. Wọ́n ti kó kúrò ní Ṣómólú láyé ológun, wọn ò sì bojú wẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ní Ìlàjẹ ní Bàrígà, níbi tí Tabitha àbúrò rẹ̀ ti ń gbẹ̀bí, garawa ni wọ́n fi ń ra omi. Bí omi bá tán lórí aboyún tó ń rọbí, wàhálà dé nìyẹn. Gbémisọ́lá fẹ́ kí wọ́n fi owó yẹn gbẹ́ kànga ẹ̀rọ.

Alhaji Àyúbà, alága, mirí. “Gbémisọ́lá, owó olówó nìyẹn o. Kọ́kọ́ wá wọn. Bí a ò bá rí wọn kí ààwẹ̀ tó wọlé, a ó gbẹ́ ẹ.”

Ló bá tẹ pósítà: orúkọ wọn, fọ́tò wọn, nínú férémù dúdú tó máa ń lò jù lọ. Ó gbàgbé pé òkú ló ń fi férémù yẹn kéde! Pósítà gba ògiri láti Ṣómólú dé Bàrígà, ẹkún sì sọ.

Lọ́jọ́ kejì, Àjàlá, ọ̀kan nínú àwọn tó wà lórí pósítà, já wọlé láti Ìkòròdú. Àna rẹ̀ ló ti sunkún lọ bá wọn nílé.

“Ta ló ní mo kú? Gbémisọ́lá, wò mí dáadáa! Ṣé òkú ló ń làágùn báyìí?”

Ìtìjú bo Gbémisọ́lá, ó kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Owó yín la ní kẹ́ ẹ wá gbà, ká tó fi gbẹ́ kànga fáwọn aboyún.”

Báyìí ni wọ́n ń dé, àwọn alààyè pẹ̀lú ìbínú, ẹbí àwọn tó ti kú lóòótọ́ pẹ̀lú omijé. Èmi mọ àwọn èèyàn wa: fi owó pè wọ́n, wọ́n á ní gbájúẹ̀ ni, fi ikú pè wọ́n, wọ́n á fò wá.

Nígbà tí ara Àjàlá wálẹ̀, ẹ̀rín pa á. “Ikú tó fẹ́ pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ká dúpẹ́. Ẹ fi tèmi gbẹ́ kànga yẹn. Ṣùgbọ́n tẹ òmíràn o, káyé mọ̀ pé mo wà!” Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe bíi tirẹ̀. Ti àwọn tẹ́nikẹ́ni ò wá bèèrè, Alhaji ní kó wọ inú ẹ̀. Bí wọ́n bá dé lọ́la, ẹgbẹ́ á san án.

Kí ààwẹ̀ tó wọlé, omi ń tú yàà ní Ìlàjẹ. Inú Gbémisọ́lá dùn débi pé ó jó wọnú ẹrẹ̀, Tabitha ń fà á jáde. Lára ògiri kànga ni wọ́n lẹ pósítà tuntun mọ́, gàdàgbà, nínú férémù pupa: ÀJÀLÁ Ò KÚ O. Ẹ WÁ PỌNMI.