Olùkọ́ Faransé Abúlé Bonsol

Ọdún méjìlélógún ni Dóyin fi kọ́ àwọn ọmọ Iléṣà ní èdè Faransé kó tó bá ọkọ rẹ̀ wá sí Calgary. Iṣẹ́ daycare ló rí ṣe níbẹ̀. Kò kórìíra rẹ̀, àmọ́ ó ń dùn ún wọra pé òun ò tún ní jẹ́ olùkọ́ mọ́ láyé.

Adégbénga, ọmọ ìjọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́yìn Cochrane, ìlú kan nítòsí Calgary, ló wá bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n fẹ́ remove abúlé kan lórí map, àfi tí ìtàn rẹ̀ bá dé office kí oṣù tó parí. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé kan. Ìyá tó ni ìwé náà ò ríran dáadáa mọ́, àwọn ọmọ ẹ̀ ò sì gbọ́ nǹkan kan àfi English."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí orúkọ wa parẹ́," ni Dóyin wí.

Nígbà tó di Sátidé, Inúolúwa ọmọ rẹ̀ fi mọ́tò gbé e lọ sí Bonsol. Ilé mẹ́rin péré ló kù, àti ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní àlùfáà.

"Mummy, there's literally nobody here."

"Dákẹ́ jàre. Ṣé o ò rí èéfín ni?"

Màdáámù Simone tó ni ìwé náà, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ṣílẹ̀kùn. Kí ni Dóyin ṣe? Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sínú snow! Ìyá àgbà rò pé ó ṣubú ni, ó figbe ta. Inúolúwa rẹ́rìn-ín títí ó fi di mọ́tò mú. Lórí ìkúnlẹ̀ náà ni Dóyin ti fi Faransé ṣàlàyé pé bí àwọn ṣe ń kí àgbà nìyẹn. Igbe ìyá dúró. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án tí ẹnikẹ́ni ti fi èdè rẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà. Ẹkún ló bú sí.

Sátidé mẹ́ta ni wọ́n fi ka ìwé náà: àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó, ẹni tó gbẹ́ kànga, ọdún tí train ò dé ibẹ̀ mọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ fi wáṣẹ́ lọ sí Calgary. Dóyin ń túmọ̀, Inúolúwa ń tẹ̀ ẹ́. Láàárín ìyẹn ni ìyá béèrè bí àwọn ọmọ ṣe ń kí olùkọ́ ní Iléṣà. Dóyin ní bó bá ti wọlé, gbogbo kíláàsì á dìde.

Ìwé dé office lásìkò, orúkọ Bonsol sì dúró.

Ní Sátidé kẹrin, Dóyin lọ dágbére. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ní kó wá. Ó bá àwọn ọmọ-ọmọ ìyá, àwọn mẹ́fà, lórí ìjókòó pẹ̀lú ìwé àti báírò, wọ́n ń wojú ara wọn; pátákó ìkọ̀wé àti ṣọ́ọ̀kì wà níwájú. Ìyá di ọ̀pá rẹ̀ mú, òun ló kọ́kọ́ dìde, àwọn ọmọ náà sì dìde tẹ̀ lé e.

"Háà, Màmá! Ẹ jókòó o!"

Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó jókòó. Dóyin fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó mú ṣọ́ọ̀kì.