Ìrọ̀lẹ́ Tí Àbúrò Mi Fẹ́ Sọ Wá Di Lowell

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ Sunday tó kọjá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àlàásárì tán, ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbọ́ yìí ṣẹlẹ̀. Àwa mẹ́rin la wà ní pálọ̀ ilé bàbá wa lẹ́yìn ọjà Ìpàta: èmi, Sulaiman àbúrò mi, tó ń ta fóònù, Rísìkátù ọmọ mi, àti Màmá Ṣàngó, àbúrò bàbá wa obìnrin, tó wọ kẹ̀kẹ́ wá láti àdúgbò Ṣàngó torí wọ́n ní ìpàdé ẹbí ni.

Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n èyí, ó yẹ kí n sọ ọ́.

Sulaiman ní òun rí ibì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n to àwọn gbajúmọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Lowell sí. Adájọ́ wà níbẹ̀, akéwì wà níbẹ̀, ọ̀gá yunifásítì wà níbẹ̀, ẹnìkan sì wà tó jẹ́ pé ìràwọ̀ ló ń wò. Àwọn ìlú wà tó ń jẹ́ Lowell. Ihò kan tilẹ̀ wà lójú òṣùpá tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀!

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Láwàl là ń jẹ́. Sulaiman ní orúkọ kan náà ni, òyìnbó ló kàn fi imú pè é. Ó ní kí gbogbo ẹbí di Lowell. Ta ni yóò rí Lowell lórí pásípọ́ọ̀tù tí yóò tún máa béèrè ìbéèrè? Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi físà dù ú. Mi ò sọ pé ìyẹn ló fà á o!

Màmá Ṣàngó gbé ojú sókè. “Súlè, ta lo ní kó lọ wẹ̀?”

“Màmá, Lowell ni mo wí.”

“Mo gbọ́. Èmi ti wẹ̀ láti ìdájí.”

“Kì í ṣe lọ wẹ̀, Màmá! Lo-well! Orúkọ àwọn èèyàn ńlá ni.”

“Gbogbo ìdílé ń jẹ́ Lọ-wẹ̀? Ṣé ìdọ̀tí pọ̀ lára wọn tó bẹ́ẹ̀ ni?”

Rísì ti da ìborùn bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Màmá ò tíì parí. Ó béèrè ohun tó wà nínú ihò ojú òṣùpá yẹn. Sulaiman ní kò sí nǹkan kan.

“Kànga Láwàl wà lẹ́yìnkùlé wa níbí, omi wà nínú ẹ̀. Àdúgbò ń pọn ún. Ta ló ń pọn tìẹ lọ́hùn-ún?”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àṣé Sulaiman ti háyà pẹ́ńtà! Láago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ́ńtà ọ̀hún ń bọ̀ wá pa pátákó iwájú ilé wa rẹ́, kó kọ LOWELL VILLA sí i.

Pátákó yẹn, èmi ni mo kọ ọ́. Mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì kí n tó mọ orúkọ mi kọ. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run forí jìn ín, ló fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ mi lára ògiri ẹ̀yìnkùlé. ILÉ LÁWÀL yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ tí ará ìta rí. L tó kẹ́yìn tẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó. Mo fẹ́ tún un ṣe, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Sulaiman na bírò sí mi. “Brọ̀dá, ẹ̀yin làgbà. Ẹ kàn fọwọ́ sí ìwé tí a ó fi pa orúkọ dà yìí.”

Mo ní orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ mi, mi ò sì lè padà sílé ìwé torí òmíràn. Ó bínú. Ó ní bí mo fọwọ́ sí i, bí mi ò fọwọ́ sí i, pẹ́ńtà ń bọ̀, torí òun náà ní ìpín nínú ilé.

Mi ò ní nǹkan kan sí àwọn ará Amẹ́ríkà wọ̀nyẹn. Ẹni tó ń wo ìràwọ̀, kó máa wò ó. Wọ́n ṣe iṣẹ́ tiwọn, wọ́n fi orúkọ tiwọn ṣe é. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá ń fi orúkọ ẹlòmíràn wá iyì, ti ẹlòmíràn náà ni iyì ọ̀hún. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fẹ́ pa orúkọ dà fún yín rí? Ẹ kọ ọ́ síbí. Mo mọ̀wé kà báyìí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ńkọ́? Bí mo ṣe kírun àsùbá tán, mo gbé àkàbà, mo gun òkè, mo fi ọ̀dà dúdú tún ILÉ LÁWÀL kọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. L tó kẹ́yìn, mo jẹ́ kó tẹ̀ bó ṣe tẹ̀. Nígbà tí pẹ́ńtà dé, ọ̀dà ò tíì gbẹ, mo sì jókòó sábẹ́ rẹ̀ lórí àga. Ó wo òkè, ó wò mí.

“Bàbá, kí ni kí n sọ fún Alhaji Sulaiman?”

Mo wo ara mi. Ọ̀dà ti ta sí mi lára dé ọrùn.

Mo ní kó sọ fún un pé mo ti lọ wẹ̀. Ó yí padà, ó ń lọ. Èmi náà fa omi nínú kànga wa, mo lọ wẹ̀.