Èéfín Márùn-ún, Kànga Kan

Lọ́jọ́ tí ayé mi yí padà, oko àgbàdo ìyá mi ni mo wà ní Ìdásẹ̀n, mò ń lé ọ̀bọ. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ oko náà tán. Ìyá mi dá iná ewé tútù sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì gbé ẹ̀wù bàbá mi tó ti gbó kọ́ sórí igi. Ó ní, "Ọ̀bọ kì í ka èèyàn. Èéfín ló ń kà." Àárọ̀ ọjọ́ náà ni akódà dé láti Ọ̀wọ̀ pé ọba òyìnbó ń wá ọ̀dọ́kùnrin tó lágbára fún ogun. Kí oòrùn tó kan àtàrí, mo ti wà nínú ọkọ̀ ẹrù. Ìyá mi kò sunkún lójú mi. Iṣu sísè méjì ló fi ewé wé fún mi, ó ní kí n rántí ọmọ ẹni tí mò ń ṣe.

Ọjọ́ orí mi ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Ọmọ ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́ ló ń bá mi kọ èyí, nítorí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Orí mi kò gbọ̀n o.

Ilẹ̀ Sòmálíà ni wọ́n kó wa lọ. Àwọn Fásísìtì ló ń ṣe ìjọba ní Ítálì nígbà náà, àwọn ni wọ́n sì gba ilẹ̀ ọ̀hún. Àwọn ọ̀gá wa ní olórí wọn ti fọ́nnu pé ọmọ ogun òun pọ̀ bí eṣú. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ nínú wa. Èmi ní tèmi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́. Ajá tó ń gbó kíkankíkan lójú ọ̀nà oko wa, mo mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ mú òkúta.

Ṣùgbọ́n òùngbẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfọ́nnu. Ọkọ̀ òfuurufú wọn ju bọ́ǹbù sí ọkọ̀ tó ń gbé omi wa. Ariwo yẹn di mí létí fún ọjọ́ kan gbáko. Lẹ́yìn rẹ̀ a fi ọjọ́ méjì rìn, èèyàn kan, ife omi kan. Fọlọ́runṣọ́, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Uso, ti ń ṣu ẹ̀jẹ̀. Ètè rẹ̀ ti là. Ó ń pè mí bí a ṣe ń pe ara wa nílé.

"Adé, ṣé a ó dé ulé?"

"A ó dé ulé. Pa ẹnu dé, má fi itọ́ ṣòfò."

Kànga kan ṣoṣo ló wà nítòsí, ẹsẹ̀ òkè ló wà, àwọn ọ̀tá sì wà lórí òkè náà. Èéfín márùn-ún ń yọ níbẹ̀. Ọ̀gá òyìnbó wa fi awò wò ó, ó ní wọ́n á tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, pé ká dúró de ìbọn àgbá fún ọjọ́ méjì. Mo wo Fọlọ́runṣọ́. Kò ní ọjọ́ méjì.

Mo bá Sájẹ́ǹtì wa, ọmọ Ìlọrin, sọ̀rọ̀ pé kó jẹ́ kí n lọ wò wọ́n fínnífínní. Mo fàyà wọ́ lọ sórí àpáta tó kọjú sí wọn láti òwúrọ̀ kùtùkùtù títí di ọ̀sán. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Àwọn èéfín náà funfun, wọ́n sì ń rú bákan náà láìdáwọ́ dúró. Iná oúnjẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó máa ń ní ìgbà tó ń jó àti ìgbà tó ń kú. Àwọn fìlà tó yọ lókè kòtò wọn kò yí sí ọ̀tún, kò yí sí òsì. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń tiro ló ń sọ̀kalẹ̀ wá sí kànga pẹ̀lú páànù kékeré kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló wá.

Nígbà tí mo padà, Sájẹ́ǹtì ní, "Mélòó ni wọ́n?"

"Wọn ò pé mẹ́wàá, sà."

"Ṣé oòrùn ti pa ọ́ ni?"

"Èèyàn méjìlá ni wá nílé wa, sà. Àwọn obìnrin wa a máa pọnmi títí ọrùn á fi máa ro wọ́n. Páànù mẹ́ta kò lè tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta èèyàn bọ́jú."

"Èéfín wọn ńkọ́?"

"Èéfín ọ̀bọ ni."

Ó túmọ̀ rẹ̀ fún òyìnbó. Ọkùnrin náà wò mí títí, ó ní bó bá dá mi lójú bẹ́ẹ̀, kí n ṣíwájú. Mo ní kò sí ohun tó burú. Ó dá mi lójú.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Gbalasa ni ibẹ̀, kò sí igi tí eku lè sá sí. Ìbọn kankan kò dún. Nígbà tí a gun òkè náà dé orí, ọkùnrin márùn-ún nawọ́ sókè, adúláwọ̀ bíi tiwa nínú aṣọ ogun Ítálì. Àwọn ọ̀gá wọn ti wọkọ̀ sá lọ, wọ́n ní kí àwọn márààrún máa dáná. Fìlà orí igi ni gbogbo ìyókù. Àwọn ọmọ ogun wa gbé mi sọ́rùn, wọ́n ń hó yèè. Wọ́n gbé Fọlọ́runṣọ́ wá, ọkùnrin tó ń tiro yẹn ló kọ́kọ́ bu omi sí i lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀, láti inú páànù rẹ̀.

Àsìkò yẹn ni mo rí ìbọn arọ̀jò-ọta kan nínú kòtò. Ọta kún inú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kọjú sí gbalasa tí a gbà sọ̀kalẹ̀. Sájẹ́ǹtì gbọ́ Lárúbáwá díẹ̀ láti ilé kéú, mo ní kó bá mi bi ọkùnrin tó ń tiro náà nípa rẹ̀.

Ó ní, "Ó ní láti òwúrọ̀ lòun ti rí ọ lórí àpáta. Ó ní àfi ìgbà tí òun bá lọ pọnmi, orí rẹ wà lẹ́nu ìbọn òun títí di ọ̀sán. Ó sì tún rí ọ nígbà tí ò ń sọ̀kalẹ̀."

"Kí ló dé tí kò yìn ín?"

"Ó ní àwọn tó ni ogun ti lọ."

Kò sẹ́ni tó tún kó ewé síná mọ́, àwọn èéfín náà sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fọlọ́runṣọ́ délé. Ó gbin kòkó sí Uso, ó bímọ, ó sì rí ọmọ ọmọ. Kò sí ìkómọ tí kò ti ní dìde sọ pé, "Adé yìí, ó ka Fásísìtì bí ẹni ka uṣu lórí ẹbè." Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, èmi náà á rẹ́rìn-ín. N kò sọ ti ìbọn yẹn fún un títí ó fi kú. Ó dùn mọ́ mi pé kí wọ́n máa yìn mí, ojú sì tún ń tì mí.

Mo ka iye wọn, n kò ṣì í. Ṣùgbọ́n kọ èyí náà sílẹ̀, ọmọ mi: ọkùnrin kan wà tó ń tiro, n kò mọ orúkọ rẹ̀. Òun náà kà mí, ó sì jẹ́ kí n délé.